Omi wọ ẹ́ńjìnì ọ̀kadà mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Àkútè ni mò ń gbé, ọ̀kadà ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ mọ bí Odò Ògùn ṣe máa ń ya bò wá tí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ Ajé, mo rò pé omi ojú títì ò ju kókósẹ̀ lọ. Àṣé ọ̀gbàrá ti gbẹ́ kòtò sábẹ́ rẹ̀. Táyà iwájú rì, omi mù mí dé orúnkún, ẹ́ńjìnì sì kú. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọmọkùnrin méjì tó bá mi fà á jáde.

Ní báyìí, ọ́ìlì rẹ̀ ti funfun bí ògì, mi ò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíná rẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní kí n kàn pààrọ̀ ọ́ìlì, òmíràn ní àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì palẹ̀. Èwo ni ká ṣe? Bíréèkì ńkọ́?

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọmọ mi ọdún mẹ́fà ni mo máa ń gbé sẹ́yìn lọ sílé ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà ládùúgbò olómi, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti ṣẹ́rí padà?