Ẹ sọ ìrírí yín lórí ìwé kíkà ní kíláàsì, èmi á bẹ̀rẹ̀

Tíṣà Ìbàdàn:
Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú làálàá o. Praìmárì 2 ni mo ń kọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọ 58 nínú kíláàsì kan. Bí a ṣe ń kàwé nígbà yẹn ni pé màá kà, wọ́n á gbà á, màá tún kà, wọ́n á tún gbà á, ariwo á gba gbogbo ọgbà kan, inú mi á máa dùn wípé àwọn ọmọ mi ti mọ̀wé. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọmọkùnrin kan tí ohùn ẹ̀ máa ń ròkè jù ń ka ojú ewé 9 geere, mo wá bojú wo ìwé ọwọ́ ẹ̀, ojú ewé 14 ló ṣí sílẹ̀! Ó tiẹ̀ ń fi ìka tọ́ ọ lọ o. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ "àgbàdo" sí hàn mí, ó kàn ń wò mí. Mo pe ẹlòmíì, bákan náà. Mi ò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn.

Ni mo bá pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn kíláàsì, gúrúùpù kan á wá bá mi níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Àwọn yòókù ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. "Àǹtí, ó gba bírò mi!" "Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀!" Mo wá ra ìborùn pupa kan, mo ní tí ẹ bá ti rí i lọ́rùn mi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè mí àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde. Ó ṣiṣẹ́ ṣá.

Lórí ẹní yẹn, èmi kọ́ ni mo ń kọ́kọ́ kà á. Wọ́n á wo àwòrán, a ó sọ ọ́, kálukú á wá máa kà á wúyẹ́wúyẹ́, màá máa na etí sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan kà á pé "Ìyá fi ìgbà bu omi." Mi ò sọ pé kò gbà á, mo kàn ní, "Ṣé ìgbà ṣeé fi bu omi?" Òun fúnra ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́yìn, ó ní "igbá!"

Tíṣà Ìṣẹ́yìn:
Ojú ewé 14 yẹn pa mí lẹ́rìn-ín mà, mo ti ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Tèmi ni ti kí ọmọ máa dá kàwé fúnra ẹ̀. Páálí ìwé kan wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa, wọ́n ní àwọn ọmọ á ya á, èkúté wá ń bá wọn ya á níbẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbé e fún mi. Tí wọ́n bá ti dé láti bíréèkì, ìṣẹ́jú 10, kálukú á mú èyí tó wù ú, kò sí ìbéèrè, kò sí ìdánwò, èmi náà á jókòó máa ka tèmi. Mo kọ́ wọn ní ọgbọ́n ìka márùn-ún: tí ọ̀rọ̀ kan bá le, ká ìka kan, tó bá pé márùn-ún lójú ewé kan ṣoṣo, ìwé yẹn ṣì le jù, lọ pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá ń mú ìwé kan náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé àjàpá tí ò ju ojú ewé 8 lọ. Mo ní ọ̀lẹ ni, ó kù díẹ̀ kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló wá bá mi: "Àǹtí, èwo ni àjàpá tún wà nínú ẹ̀?"

Tíṣà Sátidé, London:
Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni mò ń kọ́. Gẹ̀ẹ́sì kíkà ò ni wọ́n lára, torí àtọdún 2012 ni wọ́n ti ń dán ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà wò lórí phonics, ìyẹn pípe ìró lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀, níbí, ọ̀rọ̀ 40 ni ọmọ á kà fún tíṣà, ìdajì ẹ̀ ni wọ́n kàn hun, kò nítumọ̀. Wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ wá sínú Yorùbá. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, yíǹkì ti ta sí abẹ́ ọ yìí." Ọ̀kan kà á pé ọpọlọ bẹ́ sínú omi! Ọ̀pọ̀lọ́ ló wà nínú ìwé o. Mo ní kó gbá tábìlì, dò dò mí, ó sì bọ́ sí i. Gbogbo wọn ló ń gbá tábìlì báyìí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ wa ti fẹjọ́ wa sùn.

Tíṣà Ìkòròdú:
Gbogbo èyí dáa, àmọ́ ọmọ 93 ni mo ní, ìṣẹ́jú 35 ni mo ní fún iṣẹ́ kan, àga ò tó, wọ́n tún ní kí n parí sílébọ́ọ̀sì. Níbo ni n ó tẹ́ ẹní sí?

Tíṣà Ìbàdàn:
Mi ò ní bá yín jiyàn. Tó bá jẹ́ èmi, gúrúùpù kan péré lóòjọ́, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n kà rárá ni n ó fi ṣíwájú, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa dá kà. Èyí tó dùn mí jù ni alábẹ̀wò kan tó ní kí n kó ìwé Yorùbá nílẹ̀, kí n gbé ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo rán an létí ilé ìwé praìmárì St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìyẹn ti pẹ́ jù.

Ọmọ ojú ewé 14 yẹn ti dé praìmárì 4. Gbogbo Fúráìdè ló ń wá yá ìwé lọ́wọ́ mi, kì í sì í dá a padà lásìkò.