Ẹ̀dínwó ńlá lórí plugin: ṣé ilé-iṣẹ́ náà ti fẹ́ kógbá sílé ni?

Akọrinsílẹ̀: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí owó mi má baà wọgbó. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ràn plugin wọn (ètò kékeré tí a ń fi kún ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà láti tún ohùn ṣe) já owó gbogbo àkójọ wọn lulẹ̀, wọ́n yọ ìdá 85 nínú 100 kúrò. Tẹ́lẹ̀, oṣù kọkànlá nìkan ni wọ́n máa ń ṣe ẹ̀dínwó, kì í sì í pọ̀. Ní báyìí, bí ọ̀kan bá ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Orin tí mo bá míìsì lónìí, oníbàárà lè ní kí n tún un ṣí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ṣé àmì àìsàn nìyí, àbí ọgbọ́n ọjà lásán?

Ìyá Kọ́bọ̀dù: Àbúrò mi, ẹ̀dínwó nìkan ò tó fi dájọ́. Kí plugin tó dé ọjà ni wọ́n ti náwó sí i tán, lórí àwọn tó kọ ọ́ àti àwọn tó dán an wò. Ẹni tó bá ta àga ní ìdá 15 nínú 100 iye tó fi kàn án ti wọ gbèsè, ṣùgbọ́n ẹ̀dà plugin kan sí i kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wọn ní nǹkan kan. Wo Waves, ilé-iṣẹ́ plugin kan. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti wà, ó sì pẹ́ tí plugin wọn tí wọ́n kọ owó gọbọi sí lára ti ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 29. Valhalla DSP, ilé-iṣẹ́ plugin mìíràn, ní tiwọn kì í ṣe ẹ̀dínwó rárá, dọ́là 50 ni wọ́n ń ta plugin wọn tó pọ̀ jù. Bí oníkálukú ṣe ń ta ọjà rẹ̀ nìyẹn.

Olóhùn Ìsàlẹ̀: Òótọ́ ni màmá sọ, àmọ́ ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ìwà wọn yí padà. Ẹni tó bá ra plugin kì í rà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa rí oníbàárà tuntun, tàbí kó máa gba owó update (àtúnṣe tuntun), tàbí owó oṣooṣù. Bí ẹni tí kì í ṣe ẹ̀dínwó bá wá ń ṣe é láìdúró, ó lè jẹ́ pé owó ló ń wá lójú méjèèjì.

Ẹ rántí Cakewalk, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe SONAR, ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà. Gibson, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, rà wọ́n lọ́dún 2013. Lọ́dún 2016, wọ́n ní ẹni tó bá ra SONAR Platinum lásìkò yẹn máa gba update títí ayé. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2017, Gibson dá iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró. Ọpẹ́lọpẹ́ ilé-iṣẹ́ BandLab tó rà á lọ́dún 2018, tó sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ìlérí tó dùn jù ló ṣáájú ìparí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìyá Kọ́bọ̀dù: Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Àbúrò, lọ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe update kẹ́yìn. Nígbà tí macOS Catalina, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Apple, dé lọ́dún 2019, gbogbo plugin 32-bit, irú ti àtijọ́, dákẹ́ lórí rẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó ń tún plugin ṣe, bó ti wù kó dára tó, ọjọ́ kan ni kọ̀ǹpútà tuntun máa kọ̀ ọ́.

Jẹ́jẹ́ Lonílù: Ẹ wo bí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ fáìlì tàbí nọ́ńbà tí ẹ pa mọ́ sọ́wọ́, ẹ ṣì lè lò ó lẹ́yìn wọn. Tó bá jẹ́ pé server wọn (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọjọ́ tí server bá kú ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ohun yòówù kí ẹ rà, ẹ máa tẹ gbogbo track (ohùn kọ̀ọ̀kan nínú orin) jáde sí WAV, fáìlì ohùn lásán, bí iṣẹ́ bá ti parí, èyí tó ní plugin lórí àti èyí tí kò ní.

Akọrinsílẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti lọ wò ó: update kẹ́yìn ti lé lọ́dún méjì, server wọn ló sì ń fọwọ́ sí i. Mi ò ní ra àkójọ náà. Compressor kan ṣoṣo tí mo nílò, plugin tó ń mú kí ohùn líle àti ohùn jẹ́jẹ́ súnmọ́ra, ni màá mú, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn iṣẹ́ àtijọ́ jáde sí WAV lálẹ́ òní.