Màmá mi fẹ́ kó pẹ́ńṣọ̀n UK wálé, ṣé lóòótọ́ ni owó náà ò ní lé mọ́?

Ọmọ_Peckham
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá mi ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ṣe, ọdún 25 ni wọ́n fi san National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń san fún ìjọba kó lè ní pẹ́ńṣọ̀n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba State Pension, pẹ́ńṣọ̀n ìjọba, bíi £164 lọ́sẹ̀, ìjọba wá ń fi Pension Credit, owó ìrànwọ́ fún arúgbó tówó ẹ̀ kéré, kún un kó lè tó £227 (iye ti 2025). Wọ́n ní òtútù ti tó gẹ́ẹ́, àwọn fẹ́ padà sílé àwọn ní Akóbọ̀ n'Íbàdàn, pé pọ́n-ùn kan ti tó bíi ẹgbẹ̀rún méjì náírà, táwọn bá ti ṣẹ́ ẹ lọ́hùn-ún ayé ti dẹrùn nìyẹn. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá sọ fún wọn pé gbàrà tí wọ́n bá ti kó lọ Nàìjíríà, owó náà á dúró sójú kan, kò ní fi kọ́bọ̀ lé títí ayé wọn. Ṣé òótọ́ ni? Èmi rò pé ẹni yẹn kàn ń dẹ́rù bà wọ́n ni, torí ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ṣiṣẹ́ níbí kí wọ́n tó kó lọ Amẹ́ríkà, tiwọn ń lé lọ́dọọdún.

Ìjẹ̀bú_Òde_Gan
Àbúrò, ẹni yẹn ò purọ́. Bàbá mi padà sílé ní 2012, £107.45 lọ́sẹ̀ ni basic pension, ti ètò àtijọ́, nígbà yẹn, iye yẹn náà ni wọ́n ṣì ń gbà di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ wa bọ́ọ̀sì tí kò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, £176.45 ni tiẹ̀ ní April 2025. Iye ọdún kan náà ni wọ́n jọ fi san owó o!

Náírà ló ń tan èèyàn jẹ. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan ò ju bíi 460 lọ ní báńkì, nígbà tí 2024 fi máa parí ó ti kọjá 1,500, pọ́n-ùn náà gbé e tẹ̀lé e. Inú bàbá dùn nígbà yẹn, wọ́n ní owó àwọn ti di ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé àwọn ṣe nǹkan kan. Mo ní bàbá, ẹ dé ọjà Òkè-Àjẹ́ ná. Wọ́n ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rà sí, tẹ́ ẹ bá ṣí i ẹ máa rí i bí ẹran ṣe ń dín kù lójú ìwé, gáàsì tí wọ́n máa ń rọ kún sìlíńdà ti di kílò mẹ́ta mẹ́ta. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wá bí mi nínú jù, mo wọlé lọ́jọ́ kan mo bá wọn nídìí tábìlì tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ búrẹ́dì la tábúlẹ́ẹ̀tì sí méjì, wọ́n ní kí n má sọ fún dókítà.

Ìyá_Ìbejì_Leeds
Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín torí irú ẹ̀ ni mo ń bá àwọn èèyàn ṣe níbi iṣẹ́. Tó o bá ń gbé UK, gbogbo April ni State Pension ń lé. Wọ́n á wo iye tí ọjà fi gbówó lórí, wọ́n á wo iye tí owó òṣìṣẹ́ fi lé, wọ́n á wo 2.5%, èyí tó bá ga jù ni wọ́n á fi kún un, òun ni wọ́n ń pè ní triple lock. Ìgbà tí ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 10.1% ní September 2022, iye yẹn náà ni wọ́n fi kún un ní April tó tẹ̀lé e, 2024 jẹ́ 8.5%, 2025 jẹ́ 4.1%. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ò fojú kan ìkankan níbẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà ń lé torí àdéhùn wà láàárín wọn àti UK tó mú àlékún dání. Jamaica àti Barbados náà ní irú ẹ̀. Àwa ò ní, Ghana ò ní, kódà Canada àti Australia ò rí i gbà, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn. Annette Carson tó ń gbé South Africa gbé ìjọba UK lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí dé ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Yúróòpù, ó fìdí rẹmi ní 2010. Ìjọba tó bá dé, Tory ni o Labour ni o, wọ́n á ní owó tó máa ná àwọn ti pọ̀ jù. Èmi ò rí òótọ́ kankan níbẹ̀ o, ẹni tó ti padà sílé kì í lọ jókòó sí NHS, ilé ìwòsàn ìjọba, kì í gba Winter Fuel, owó ìmúlé-gbóná nígbà òtútù, owó tó fọwọ́ ara ẹ̀ san ló ní kí wọ́n fún òun.

Ohun tí màmá ò tíì rò ni Pension Credit. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó lọ nìyẹn dópin. Torí náà kì í ṣe £227 ló ń lọ Akóbọ̀, £164 ni, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí.

Jẹ́jẹ́_Layé
Kí lẹ ń dààmú ara yín sí? Ẹ fi àdírẹ́sì Peckham sílẹ̀ bó ṣe wà, kí lẹ́tà máa bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ, kí màmá máa jayé orí wọn n'Íbàdàn. Ta ló fẹ́ mọ̀?

Ìyá_Ìbejì_Leeds
@Jẹ́jẹ́_Layé ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ti ìyá oníyàá sí wàhálà. Jìbìtì nìyẹn, tí wọ́n bá já a wọ́n á ní kí màmá dá gbogbo owó yẹn padà, ó sì lè di ẹjọ́ sí wọn lọ́rùn, ẹni ọdún 66. Ọ̀nà tó mọ́ wà. Tí màmá bá ṣì fi UK ṣe ibùgbé tí wọ́n kàn ń lọ lo oṣù méjì mẹ́ta nílé nígbà òtútù, State Pension wọn á máa lé bó ṣe yẹ. Pension Credit ni kò ní gbà, tí ìrìn àjò bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ wọ́n á dá a dúró, kí wọ́n tètè sọ kó má di gbèsè. Ẹni tó ti kó lọ pátápátá náà, tó bá wá kí àwọn ọmọ, kó pe ọ́fíìsì pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n á san iye tuntun fún un níwọ̀n ìgbà tó bá fi wà níbí, tó bá padà owó á padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Tíṣà_Àná
Mò ń ka gbogbo yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí mo sì ń rẹ́rìn-ín. £164 lọ́sẹ̀! Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ, ohun tí mò ń gbà lóṣù ò tó ohun tí ìyá yín máa fi ọjọ́ méjì gbà. Ẹ ka òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ẹsẹ 173, ó ní kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì gbé yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù bá lé, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹsẹ 210 sọ ọ́ fáwọn ìpínlẹ̀. Lórí ìwé nìyẹn o. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦32,000 fún àwọn tiwọn tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́. Àwọn tó wà lábẹ́ ètò ti 2004 tí wọ́n ń yọ lówó oṣù ńkọ́? Ohun tó bá wà nínú àkáǹtì wọn náà ni wọ́n ń bù fún wọn díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ 34.8% ni ọ̀wọ́ngógó ní December 2024. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n yí ìṣirò ẹ̀ padà, ó di 24.48%, mo sọ fún ìyá tó ń ta àlùbọ́sà fún mi, kò bá mi yọ kọ́bọ̀. Kí màmá máa bọ̀ jàre, tí owó tiwọn bá dúró sójú kan, tiwa náà ò rìn.

Ìjẹ̀bú_Òde_Gan
Bàbá tíṣà, ẹ kú ìfaradà sà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wò ó. Ẹni tó kó full new pension, ti ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, wálé lọ́dún yẹn, £155.65 ló ń gbà lọ́sẹ̀, ẹni tó dúró gba £230.25 ní 2025. £74.60 lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ó fẹ́ẹ̀ tó £3,900 lọ́dún, ọdún mẹ́sàn-án péré nìyẹn o. Ẹni ọdún 66 lè lo ogún ọdún sí i lágbára Ọlọ́run.

Ọmọ_Peckham
Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí màmá létí, wọ́n bínú sí Pension Credit ju ohun gbogbo lọ, wọ́n ní àwọn á máa lọ máa bọ̀ ná, wọ́n á lọ ní December kí wọ́n tó ronú kíkó lọ. Tó bá wá di kíkó lọ, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti mọ̀ pé èèyàn ṣì wà láàyè?

Ìjẹ̀bú_Òde_Gan
Bẹ́ẹ̀ ni, life certificate. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí ló máa fọwọ́ sí i, bíi dókítà, tíṣà, òṣìṣẹ́ báńkì. Tí kò bá padà dé lákòókò wọ́n á dá owó dúró, torí náà ẹ ṣètò ibi tí lẹ́tà á máa dé kí wọ́n tó kúrò. Kúríà la fi ń dá ti bàbá padà, a máa ń ya fọ́tò ẹ̀ kí á tó lẹ̀ ẹ́.