Èsì: "ìmìtìtì omi" kọ́ o, omi yẹn fì ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láìdá sí i, torí mo rò pé ẹnì kan á sọ ọ́. Nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ó di dandan kí èmi sọ ọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ọ̀gá wa tó ń kọ́ni ní èdè n'Íbàdàn ló túmọ̀ ìròyìn kan nípa omi tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Greenland, erékùṣù ńlá tí yìnyín bò ní àríwá ayé, àwọn ló sì pe ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní "ìmìtìtì omi". Ẹnì kan bi wọ́n pé kí ni tìtì ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní ṣebí omi náà mì títí fún ọjọ́ 9 ni. Ibi tí mo kà á dé nìyẹn tí mo fi gbé òkèlè ọwọ́ mi padà sínú àwo.

Ọ̀gá, ẹ má bínú, tìtì kì í ṣe títí. Dò dò ni ti ìmìtìtì. Mí mí ni títí tí ẹ ń sọ. Ìyá tó ní "mo dúró títí, n kò rí ọ" kò sọ fún wa pé ara òun ń gbọ̀n. Tìtì ò mọ iye ọjọ́, agbára ló mọ̀. Ilẹ̀ lè mì tìtì kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, kí ilé ti wó. Bí ó bá jẹ́ títí ni ẹ fẹ́ fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ìmìtítí lẹ máa kọ, ẹ wò ó bóyá yóò gba ẹnu yín. Ẹni tó bá tún wá ṣi àmì orí rẹ̀ fi, á di títì, ọkọ̀ á sì gbá a.

Ẹ jẹ́ ká wo omi náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, orí òkè kan ya ní ìlà-oòrùn Greenland. Yìnyín ńlá tó wà nídìí rẹ̀, tó ń fi èjìká gbé e ró láti ọjọ́ pípẹ́, ló ti yọ́ tó ti fẹ́lẹ́ nítorí ayé tó ń gbóná. Òkúta àti yìnyín tó lé ní mílíọ̀nù 25 kúbíìkì mítà ló ya sínú Dickson Fjord, apá òkun kan tó gùn tóóró wọ àárín àwọn òkè. Ìgbì àkọ́kọ́ tó dìde ga tó mítà 200. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Gbogbo èyí kò tíì ya àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́nu. Ohun tó dà wọ́n láàmú ni pé àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilẹ̀ bó ṣe ń mì, káàkiri ayé títí dé Antarctica, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan kan: ó lọ, ó bọ̀, ní bíi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, fún ọjọ́ 9. Wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ yẹn ṣe o. Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ. "Ohun tó ń mi ilẹ̀ tí a kò tíì dá mọ̀" ni wọ́n kọ sílẹ̀ ná. Ènìyàn 68 láti orílẹ̀-èdè 15 ló jókòó tì í, ọdún kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé gbáko kí wọ́n tó gbé èsì jáde nínú Science, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní oṣù kẹsàn-án 2024. Àwa ńkọ́? Àwa ka ìròyìn, a mu omi, a sọmọ lórúkọ. Ọ̀gá tún wá fi "ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ" dé ọ̀rọ̀ wọn lórí. Ilé ta lẹ wò, sà?

Èmi kì í ṣe olùkọ́ èdè, mo mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́ sí mi lójú, kí n tètè sọ ọ́. Bọ́hóòlù ni mò ń gbẹ́ ní Àkúrẹ́ yìí, ó ti lé lógún ọdún. Ṣùgbọ́n kí n tó lè ra ẹ̀rọ tèmi, tánkà omi ni mò ń wà. Ẹni tó bá ti wa tánkà rí mọ̀ pé èyí tó kún dẹ́múdẹ́mú kò ní wàhálà, èyí tó ṣófo náà kò ní. Èyí tó dé ìdajì ni ìyọnu. Ẹ ń bọ̀ lọ́nà Ìjòkà, ewúrẹ́ kan já sójú títì, ẹ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró. Omi ò dúró. Á lọ fi orí sọ iwájú, gbìì, ọkọ̀ á sún díẹ̀. Á padà lọ sọ ẹ̀yìn, imú ọkọ̀ á gbé sókè. Á tún padà wá. Ẹ ti pa ẹ́ńjìnì, ewúrẹ́ ti wọlé olówó rẹ̀, ìjókòó ṣì ń gbé yín lọ, ó ń gbé yín bọ̀. Ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ti wù kó kéré tó, iye àkókò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀ kì í yàtọ̀. Mo ti jókòó ka á rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Greenland gẹ́ẹ́ nìyẹn. Omi ń lọ láti ẹsẹ̀ òkè kan dé ẹsẹ̀ èkejì, ó ń padà, ó ń fi èjìká gbá òkè méjèèjì tó há a mọ́. Gbígbá yẹn ni ilẹ̀ gbé káàkiri ayé.

Ṣé ohun tí Yorùbá kò ní orúkọ fún nìyẹn ni? Ìyá ìyá mi, nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé àdúgbò wa, odò Àlà ni wọ́n ti ń pọn. Bí garawa bá kún dé ọrùn, kí wọ́n tó gbé e lérí, wọ́n á já ewé kókò kan, wọ́n á tẹ́ ẹ lé ojú omi náà. Mo rò pé torí eṣinṣin ni. Lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n, wọ́n ní kí omi má baà máa fì ni. Ewé lásán, tí kò wúwo tó ìka ọwọ́, a sì máa mú omi dákẹ́. Wọn ò ní kí omi má baà mì tìtì o. Fì ni wọ́n wí, dò kan ṣoṣo. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà, tó ní ìwọ̀n, òun ló ń fì: irin abẹ́ agogo ara ògiri ń fì, ọmọdé tó wà lórí jáńgírọ́fà ń fì, omi inú garawa ń fì. Ohun tó ń mì tìtì kò ní ìwọ̀n, ó kàn ń dàrú ni. Ìfì omi ni kí ẹ pè é. Ẹni tó bá ń pariwo pé ìfì jọ òfì, kó lọ wọ aṣọ rẹ̀.

Àbúrò wa obìnrin tó wà ní Kánádà ní fì kéré jù fún omi tó ga ní mítà 200. Àbúrò mi, ẹ̀ ń fi orúkọ ìyá pe ọmọ. Omi mítà 200 yẹn, ìgbì ni, tàbí sùnámì bí ẹ bá fẹ́ orúkọ àwọn ará Jàpáánù. Ìyẹn ti lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n ṣírò pé ó ti rẹlẹ̀ dé bíi mítà 7. Èyí tó ṣẹ́ kù ló wá ń fì, tó ń kéré sí i lójoojúmọ́, débi pé ọkọ̀ ológun Dẹ́ńmáàkì wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, wọn ò rí nǹkan kan. Ọdún 2025 ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àwòrán SWOT palẹ̀, sátẹ́láìtì tó ń wọn gíga ojú omi láti òkè, tí wọ́n fi rí i pé ojú omi náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní tòótọ́. Nǹkan tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ tí kò rí i, ẹ ní ó mì tìtì.

Ti ilẹ̀ ló kù. Mi ò bá "ìmìtìtì ilẹ̀" jà. Nígbà tí ilẹ̀ Mpape l'Ábújá mì ní oṣù kẹsàn-án 2018 tí àwọn èèyàn ń sá jáde nílé, ó mì tìtì, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí Greenland rán sí wa, ẹnikẹ́ni kò fi ẹsẹ̀ gbọ́ ọ. Ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń dà bí ìgbà tí gbogbo ìlù dùndún bá lu pọ̀, ohùn nínú ohùn. Eléyìí, ohùn kan ṣoṣo ni, bí ìgbà tí ènìyàn kan ń lu agogo kan láìgbéwọ́. Mo fẹ́ pè é ní ìkùn ilẹ̀, torí kíkùn ni oyin ń kùn. Mo mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ máa kọ ọ́ ní "ikun ile", ẹni kan á kà á sí ikùn, ẹlòmíràn á rò pé ikún tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ẹni tó lọ́fìnkìn á nu imú. Ẹ̀bi yín ni, kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ níbí títí (mí mí!) pé kí ẹ máa fàmì sí i.

Ẹnì kan ní ká padà sórí "ìṣẹ̀lẹ̀", pé òun ni Bíbélì àtijọ́ ń pe ilẹ̀ tó mì. Ó dáa, ṣùgbọ́n lónìí bí mo bá ní ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ l'Ọ́jà Ọba, ta ló máa sá jáde nílé? Àti pé kí ẹ tó sọ fún mi pé "ilẹ̀" ló wà nínú rẹ̀, ẹ ṣàlàyé ohun tó mú ṣẹ di re nínú ṣẹlẹ̀ tó sì padà di dò nínú ìṣẹ̀lẹ̀. Mo ti bi olùkọ́ méjì, wọ́n dáhùn lọ́nà mẹ́ta.

Èyí tó wá ní ká kọ́kọ́ pinnu bóyá ì ló máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tàbí ù, torí pé àwa ará Àkúrẹ́ tí à ń pe ilé ní ulé a máa ní ùfì, mo rí i pé ẹ̀rín lẹ fẹ́ fi wá rín. Ẹ rín. Ìyá mi àgbà á ní ùfì lóòótọ́, omi orí wọn kò sì dànù rí.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ní àwa oníbọ́hóòlù kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nítorí àwa là ń mi ilẹ̀: òótọ́ ni pé ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ti Mpape ka bọ́hóòlù mọ́ ohun tó lè fà á, pẹ̀lú fífọ́ òkúta. Àpáta Àkúrẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. A lè sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn, kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí mo ń retí ni ará Ìlàjẹ kan. Ẹ̀yin tí òkun ti ń jẹ ilé yín l'Ayétòrò láti ọdún mélòó kan, tí ẹ ń sùn lórí omi tí ẹ ń jí lórí omi, kí lẹ ń pè é bí omi bá ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ láìsí afẹ́fẹ́? Bí ẹ bá ní orúkọ kan, màá gbé ìfì mi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí.

Ọ̀gá Ìbàdàn, mò ń retí èsì yín náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fàmì sí i.

Ará Àkúrẹ́ yín.

Àfikún: ẹni tó ní ewé kókò máa ń yún ni lọ́wọ́, pé irọ́ ni mò ń pa, ara rẹ̀ kò gba ewé ni. Tiwa kò yún ẹnikẹ́ni.