Báwo la ṣe ń yẹ ẹni tó fẹ́ bá wa wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, máa ń lọ kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n níwèé l'Agodi, n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí àwọn agbésùmọ̀mí ISWAP ti ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje l'Abuja ní oṣù Keje 2022, tí àwọn Boko Haram tó wà níbẹ̀ sì sá lọ, ọkàn mi kì í balẹ̀ tí àjèjì bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa. Lẹ́tà àlùfáà kan ṣoṣo kò tó lójú mi. Ta ló yẹ ká bi léèrè? Ṣé DSS, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, máa ń dá ẹgbẹ́ kékeré lóhùn? Ìwé tí àwọn àjèjì náà bá kó wá ńkọ́, ta ni yóò kọ́kọ́ kà á? Mi ò fẹ́ ká fura sẹ́nikẹ́ni nítorí irùngbọ̀n tàbí híjáàbù, ìyẹn burú jáì. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.