Kí ni ká pe ẹ̀kọ́ tí ọmọ yìí ń kọ́? Mo dábàá "àwòkà"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: àbúrò mi obìnrin kan wà ní Yunifásítì Dundee, ní Scotland, ó ń kàwé gboyè kejì lórí kọ́míìkì, ìtàn tí wọ́n fi àwòrán títò tẹ̀ léra sọ. Kì í ṣe yíyà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n ń kọ́ ìtàn rẹ̀, wọ́n ń kọ́ bí ojú ṣe ń rìn lórí ìwé, wọ́n sì ń kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí bí àwa ṣe ń kọ ọ́ lórí ewì àti eré onítàn. Nígbà tó sọ ọ́ fún màmá rẹ̀ lórí fóònù, màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àwòrán ẹ̀fẹ̀? Ohun tí o tìtorí ẹ̀ kọjá òkun nìyẹn?" Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ń fi èdè ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ bá mi wá orúkọ tí màmá mi á gbọ́ tí wọn ò ní kẹ́dùn." Mo gbé ìbéèrè náà wá síwájú yín, ẹ sì dá mi lóhùn tayọ̀tayọ̀. Àbá márùn-ún ló wọlé: àwòrán ẹ̀fẹ̀, kọ́míìkì bó ṣe wà, ìtàn aláwòrán, àwòtẹ̀lé, àti Atọ́ka, orúkọ ìwé ìròyìn kan láyé ọjọ́un.

Ẹ̀gbọ́n wa tó mú àwòrán ẹ̀fẹ̀ wá kò ṣàṣìṣe nípa ohun tí ará ìlú ń sọ. Àwòrán kan ṣoṣo inú ìwé ìròyìn, èyí tí wọ́n fi ń bá àwọn aláṣẹ wí, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni, kó sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Akinọlá Láṣekàn ti ń yà á sínú West African Pilot láti àwọn ọdún 1940, nígbà tí ìjà òmìnira gbóná. Nígbà tí Wálé Adénúgà sì gbé Ikebe Super jáde ní 1976, ẹ̀rín àríntàkìtì ni gbogbo wa ń rà á fún. Bí ẹ̀fẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ gbogbo ìwé tí wọ́n bá yàwòrán sí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Maus, iṣẹ́ Art Spiegelman. Ìtàn bàbá rẹ̀ ni, Júù ọmọ Pólàǹdì tó yè bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa Hitler. Eku ló fi àwọn Júù yà, ológbò ló fi àwọn ará Jámánì yà. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1992. Ẹni tó bá kà á tán, tó pa á dé, tó sì pè é ní ẹ̀fẹ̀, èdè rẹ̀ ti tà á.

Ìdí kan náà ni kọ́míìkì kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Kì í ṣe pé mo lòdì sí ọ̀rọ̀ àyálò. Àwọn àgbà tó kó Èdè-Ìperí Yorùbá jọ ní 1984 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gba fònímù àti mófíìmù, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè yá, wọlé, èdè wa kò sì bàjẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a bá yá, tòun ti ẹrù rẹ̀ ló ń wọlé. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tó ń pa ni lẹ́rìn-ín ni wọ́n fi sọ nǹkan yìí lórúkọ, ó sì ti ń dun àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́. Will Eisner, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sí èèpo ìwé rẹ̀ ní 1978, tó túmọ̀ sí ìtàn àròsọ aláwòrán. Ní 1985 ó tún lo òmíràn, iṣẹ́ ọnà tí ń tò tẹ̀ léra. Bí onílé bá ń wá ọ̀nà tí yóò gbà bọ́ ẹ̀wù kan, kí làlejò fẹ́ gbé e wọ̀ fún?

Àwòtẹ̀lé ní ìdí tó gún régé, nítorí àwòrán ń tẹ̀ lé àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́. Ẹni tó bá rí i lójú fóònù, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni yóò kà á sí, aṣọ tí à ń wọ̀ sínú. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé níyì kò yẹ kó gba ibẹ̀ wọlé.

Ìtàn aláwòrán ló sún mọ́ ọn jù nínú mẹ́rin wọ̀nyí, síbẹ̀ ó ṣì jìnnà. Ìwé kíkà tí gbogbo wa lò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìtàn, ó ní àwòrán: Ìjàpá nìyẹn lápá òsì, ìtàn rẹ̀ nìyí lápá ọ̀tún. Fa àwòrán náà ya, ìtàn ṣì dúró. Nínú iṣẹ́ tí àbúrò mi ń kọ́, bí o bá yọ ọ̀kan, èkejì wó.

Ó fi hàn mí. Ó ya ojú méjì, ìyẹn àpótí àwòrán méjì, sórí ìwé kan, ó sì yà á ní fọ́tò sí mi. Nínú ojú kìíní, apá obìnrin méjèèjì nà sókè, ọmọ odó ga ju orí rẹ̀ lọ, iṣu funfun wà nínú odó. Nínú ojú kejì, ọmọ odó ti wà ní ìsàlẹ̀, adìẹ kan fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, GBÌ! sì gba ìlàjì ojú náà, lẹ́tà rẹ̀ nípọn bí ìdí odó. Ó bi mí pé, "Níbo lẹ ti rí ọmọ odó tó ń sọ̀ kalẹ̀?" Mo wò ó títí. Kò yà á. Èmi ni mo gún iyán náà, nínú àlàfo funfun tó wà láàárín ojú méjèèjì. Scott McCloud kọ odindi ìwé lórí kọ́míìkì ní 1993, kọ́míìkì náà ló sì fi kọ ọ́, ó sì sọ níbẹ̀ pé inú àlàfo ni òǹkàwé ti ń fi ọkàn ara rẹ̀ parí ohun tí ayàwòrán kò yà.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá àwòkà. À-wò-kà. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ohun tí a rò tí a sì kọ ni àròkọ. Ohun tí a kà tó sì yé wa ni àkàyé. Àwòkọ́ṣe ńkọ́? Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ń wò tí a sì ń kà lẹ́ẹ̀kan náà, àwòkà. Ẹni tó ń yà á, ayàwòkà, bí a ṣe ní ayàwòrán. Ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀, ìmọ̀ àwòkà.

Mo mọ ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e: èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú ńkọ́? Irú rẹ̀ pọ̀, àwòrán lásán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibí yìí gan-an ni èdè wa ti ṣe wá lóore. Kà tiwa kò mọ sórí ìwé. A ń ka ìwé, a ń ka owó, a ń ka ọjọ́. Ẹni tó mú àwòkà tí kò lọ́rọ̀ dání, ó ń wò, ó sì ń kà: ojú kìíní, ojú kejì, ojú kẹta. Bó bá fo ọ̀kan, ìtàn dàrú mọ́ ọn lójú. Mi ò mọ èdè mìíràn tó fún wa ní ìtumọ̀ méjèèjì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyìí fún iṣẹ́ yìí, inú mi sì dùn nígbà tí mo rí i.

Ẹ rántí àrokò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá so ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kan láyé àtijọ́, yóò wò ó, yóò kà á, ẹẹ́fà yóò sì di fífà: ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ ń fà sí i. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, a jọ wà ni. Bí ẹyọ méjì bá kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Mi ò sọ pé àrokò jẹ́ àwòkà, nítorí kì í sọ ìtàn láti orí dé ìdí. Ohun tí mò ń sọ ni pé wíwò àti kíkà ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa kí ìwé tó dé.

Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni kí àwọn tó ń jiyàn lọ wò. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, wọ́n gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, inú British Museum ló wà dòní. Apá méjì ló ní, Ọlọ́wẹ̀ sì pín wọn sí ojú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí èkejì. Lápá kan, Ọgọ́gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó tòun tadé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, wọ́n ń gbé òyìnbó aláṣẹ bọ̀. Ọgọ́gà kò dìde. Òyìnbó kò tíì dé. Ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn ló ń mú un dé. Nígbà tí wọ́n bá ní ìmọ̀ yìí jẹ́ tàwọn ẹlòmíràn, èyí ni mo máa ń rántí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal tiẹ̀ kọ ọ́ ní 2001 pé à-wò-rántí ni àwòrán, ohun tí a ń wò láti fi rántí. Bí wò bá lè bí àwòrán, ó lè bí àwòkà.

Ẹnì kan ní òun ń gbọ́ ìkà nínú àwòkà. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kà yìí náà ló wà nínú òǹkàwé àti àkàyé, kò sì sí ẹni tó rántí ìwà ìkà nígbà tí wọ́n bá fún ọmọ rẹ̀ ní àkàyé ṣe.

Ó wá ku Atọ́ka. Bàbá wa tó dábàá rẹ̀, ẹ kú iyè. Ní 1967 ni ìwé ìròyìn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: fọ́tò àwọn òṣèré tíátà wa lójú kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú òbírí lẹ́bàá ẹnu wọn, Yorùbá tó mọ́ gaara. Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tí kò kọjá ìwé mẹ́fà ló ti inú rẹ̀ mọ ìwé kà dáadáa. Òótọ́ sì ni pé orúkọ ìwé ìròyìn lè di orúkọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Ní Sípéènì, TBO tó jáde ní 1917 ló di tebeo. Ní Brazil, Gibi tó jáde ní 1939 ló di gibi, tí wọ́n fi ń pe gbogbo ìwé kọ́míìkì. Bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin dúdú kékeré ni gibi jẹ́ lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀, orúkọ tí kò buyì kún wa, kó tó yí padà. Tiwa dára ju ìyẹn lọ. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni pé atọ́ka ti níṣẹ́ méjì nínú ìwé wa: òun là ń lò fún àtòjọ ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, òun náà la sì ń lò nínú gírámà. Mo rọ̀ yín kí a fi atọ́ka sọ èyí tí wọ́n bá fi fọ́tò ṣe, kó jẹ́ ẹ̀yà kan lábẹ́ àwòkà, kí orúkọ yẹn má baà kú.

Nípa àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀, ojú fún àpótí kọ̀ọ̀kan àti àlàfo fún àárín wọn ti tó mi. Òbírí tí ọ̀rọ̀ ń wà nínú rẹ̀, mo fẹ́ ilé-ọ̀rọ̀. Àwọn ará Ítálì wò ó bí èéfín, wọ́n sì fi èéfín kéékèèké pe gbogbo iṣẹ́ náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni àmì ohùn. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ̀rọ̀ inú àwòkà, irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí àbúrò mi rà kò sì ní àmì abẹ́ tàbí àmì ohùn rárá. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ kan, àgbẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, OKO MI DA? wà nínú ilé-ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oko rẹ̀ ló ń wá ni, àbí ọkọ́, àbí ọkọ̀? Wọ́n ní àwòrán á sọ ọ́. Àwòrán ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ àmì ohùn. Nínú ọ̀rọ̀ tó ń ya ohùn àti ìrísí gan-an, àmì náà ni àwòrán: rògòdò tóbi, rógódó kéré. GBÌ tí a yọ àmì rẹ̀, ọmọ odó wo ló kù níbẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ àwọn tó ń ṣe lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ẹ bá wa bá wọn sọ ọ́.

Mo ti fi àwòkà ránṣẹ́ sí ọmọ náà, òun náà sì sọ ọ́ fún màmá rẹ̀. Màmá ní, "Kí ni wọ́n ń wò, kí ni wọ́n sì ń kà?" Ó fi ojú méjì olódó yẹn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Nígbà tó di ọ̀sán, ohùn màmá wọlé: iyán yẹn kò tíì lè kúná, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gún un, kó tún ojú mẹ́ta sí i yà.