Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì l'Ékòó nígbà Kòrónà, ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́, Múṣín:
Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì ni mo wà nígbà tí àyẹ̀wò fi aláìsàn Kòrónà àkọ́kọ́ hàn ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 27 oṣù Kejì, 2020. Ará Ítálì ni, Yaba ni wọ́n ti tọ́jú ẹ̀. Kí oṣù Kẹta tó parí, wọ́n ti ní ká kó ẹrù wa kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Alẹ́ ọjọ́ 30 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ niṣẹ́ wa. Kéèyàn kàwé títí ilẹ̀ ó fi mọ́, bí ọwọ́ ò bá kan aláìsàn, kò tíì mọ nǹkan kan. Ohùn ni tútọ̀ wa, ìyẹn olùkọ́ wa, ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí Zoom ń jẹ dátà. Awakọ̀ dánfó ni bàbá mi, ọkọ̀ ò sì jáde. Ta ni mo fẹ́ tọrọ owó dátà lọ́wọ́ ẹ̀?

Tútọ̀ ní ká máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé. Ìyá àgbà yàrá kejì, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, gbà fún mi. Màá so ọ̀já ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ wọn lápá, màá gbé ẹnu ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà lé inú ìgúnpá, màá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀já náà, màá wá máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìró bá ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà òkè nìyẹn; ibi tó bá ti dákẹ́, tìsàlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì mi, ṣé ó ti wálẹ̀?" Àwọn ni aláìsàn mi àkọ́kọ́, mi ò lè gbàgbé wọn láéláé.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o ṣeun. Tútọ̀ lèmi nígbà yẹn. Òṣìṣẹ́ ò tó, wọ́n ní ká padà sí wọ́ọ̀dù. Lálẹ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ kó o wálé fún màmá mi.

Èyí tó le jù láti kọ́ wọn ni bíbọ́ aṣọ ààbò. Wíwọ̀ ò ṣòro. Ìgbà tá a bá ń bọ́ ọ làrùn ń rí wa mú, torí ìta aṣọ ti lẹ́gbin. Mo wọ aṣọ òjò ní pálọ̀, mo fi àtíkè ra ìta ẹ̀ àtìbọ̀wọ́, ọmọ mi ń ya fídíò. Ìbọ̀wọ́ ni mo kọ́kọ́ bọ́, mo ká aṣọ kí ìta ẹ̀ di inú, mo fọwọ́, ìbòmú ló kẹ́yìn. Ibi tí àtíkè bá ti kanra, ibẹ̀ ni àrùn ì bá gbà wọlé. Àwọn ọmọ náà ya tiwọn padà. Ọ̀kan nínú wọn, àtíkè wà ní ìpéǹpéjú ẹ̀; mo ní kó tún un ṣe títí ojú ẹ̀ fi mọ́.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lágbàáyé fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, torí ó pé 200 ọdún tí wọ́n bí Florence Nightingale, ìyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní. Ọdún tó yẹ ká fi ṣayẹyẹ ló wá le tó bẹ́ẹ̀; ó ń dùn mí di òní.

Akin, Súrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nígbà tá a wọlé padà, ilé ẹ̀kọ́ tiwa sáré kó wa gba wọ́ọ̀dù kọjá kí ìdánwò má bàa dé bá wa láìtíì parí, wọ́n tún gbowó họ́sítẹ́ẹ̀lì oṣù tá a ò sùn níbẹ̀. Ìyẹn ò dáa rárá.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé fídíò àtíkè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín? Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní.